Àgbàlá fún Òǹkàwé: Ohun Tí Ilé Ìbílẹ̀ Kòríà Lè Kọ́ Ìwó Road

Ní ọdún 2014, ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú ìlú Seoul, Jongno lorúkọ rẹ̀, ṣí ilé ìkàwé kan fún ará ìlú ní ẹsẹ̀ òkè Inwang. Cheongun ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè yóò rò pé ilé ìjòyè ayé àtijọ́ ni: òpó igi, òrùlé amọ̀ sísun tí etí rẹ̀ tẹ̀ sókè díẹ̀, ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n lẹ bébà mọ́, àgbàlá kékeré, omi tó ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àfìgbà tó bá wọlé, tó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ni yóò tó bá ara rẹ̀ nínú yàrá ìkàwé ìgbàlódé tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ wọ inú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, tòun ti pẹpẹ ìwé, kọ̀ǹpútà àti iná mànàmáná. Lára awo òrùlé tí wọ́n lò níbẹ̀, inú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó ní àdúgbò mìíràn ni wọ́n ti ṣà wọ́n wá.

Ìdí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fi gba Jongno wọlé ni pé ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ́ ilé náà. Kì í ṣe ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe olówó kan tó fẹ́ kí orúkọ òun má parẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà Oòrùn Ìbàdàn náà ní olú ilé iṣẹ́, Ìwó Road sì ló wà. Ìbéèrè tí àwọn tó gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kalẹ̀ fi ránṣẹ́ ni pé bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé ará ìlú sí Ìwó Road, kí ni ayàwòrán ilé lè rí mú nínú ilé ìbílẹ̀ Kòríà?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó fi sílẹ̀ fún wọn ni òrùlé wọn. Ìbàdàn ti yá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lò rí. Nígbà tí Taffy Jones, òyìnbó ẹnjiníà, parí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, òpó ayé àtijọ́ àwọn ará Gíríìkì ló tò síwájú rẹ̀. Ó lẹ́wà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwọn òpó yẹn kò mọ oòrùn Ìbàdàn rí kí wọ́n tó dé orí òkè náà. Bí wọ́n bá gbé òrùlé Kòríà kalẹ̀ sí Ìwó Road bákan náà, ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ni àwọn èrò ọkọ̀ máa pè é, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Ohun tó yẹ ní mímú ni iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe lábẹ́ òrùlé yẹn.

Hanok ni wọ́n ń pe ilé ìbílẹ̀ wọn. Ó ní àgbàlá níwájú, madang, tí wọn kì í gbin nǹkan sí. Ilẹ̀ gbalasa ni, wọ́n á kàn gbá a mọ́ tónítóní. Ẹ̀yìnkùlé ni igi àti òdòdó wà, òkè sì sábà máa ń wà lẹ́yìn wọn. Láàárín méjèèjì ni gbọ̀ngàn onípákó kan wà, daecheong, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga kúrò lára erùpẹ̀, tí iwájú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń pa àgbàlá iwájú, ilẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á gbéra lọ sókè, èyí tó tutù lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé á sì gba inú gbọ̀ngàn kọjá láti wá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí pákó yẹn á máa gba atẹ́gùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé wọ́n fi ooru oòrùn fúnra rẹ̀ ṣe fáànù.

Àwọn ilẹ̀kùn tó pààlà sáàárín gbọ̀ngàn àti yàrá tún ní àrà tiwọn. Wọ́n lè ká wọn pọ̀, kí wọ́n gbé wọn sókè tẹ̀gbẹ́tẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì gbé wọn kọ́ ìkọ́ irin tó rọ̀ sílẹ̀ láti òkè. Kò ní pẹ́ tí yàrá mẹ́ta á fi di gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Bébà funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, máa ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn kó tó wọlé, tí kì í fi ta ojú òǹkàwé.

Ti etí òrùlé tún wà ńbẹ̀, ìṣirò sì ni. Ní Seoul, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń ga tó nǹkan bíi dígíríì 76 ní òpin oṣù Kẹfà. Ní òpin oṣù Kejìlá, ó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 29. Etí òrùlé tó yọ síta dáadáa á dí ti àkọ́kọ́ mọ́ ìta, á sì jẹ́ kí ti ìkejì wọ yàrá wá fún ará ilé láti yá nígbà òtútù. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dígíríì méje àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Oòrùn ọ̀sán kì í jìnnà sí àárín orí níbí: lóṣù Kẹfà ó yà díẹ̀ sí àríwá, lóṣù Kejìlá ó yà sí gúúsù. Kò sí oòrùn tí ẹnikẹ́ni ń bẹ̀ kó wọlé. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé tí etí òrùlé kankan kò lè dí i. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé ìkàwé Ìwó Road nà gbọọrọ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí orí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ògiri dídí, kí fèrèsé sì wà ní ìhà àríwá àti gúúsù. Ilẹ̀ gbígbóná tí àwọn ará Kòríà ń pè ní ondol, níbi tí ooru iná ààrò ń gba abẹ́ yàrá kọjá, ṣe é fi sílẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ìbàdàn kò ṣaláìní ooru.

Ẹni tó bá gbọ́njú nínú agbo ilé ní Òjé tàbí ní Ọjà Ọba yóò ti máa mirí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àgbàlá ti bẹ̀rẹ̀. Ilé Yorùbá àtijọ́ yí àgbàlá ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òrùlé á tẹ̀ wá sí àárín, òjò á máa rọ́ láti ara ọ̀ṣọ̀rọ̀ sínú àgbàlá, ìkòkò ńlá á gba èyí tí ará ilé máa lò, ojú àgbàrá á gbé ìyókù jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá yìí ká, ilẹ̀ rẹ̀ ga ju ti àgbàlá lọ, òpó ló sì gbé òrùlé rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́, tí àwọn ọmọ ti ń gbọ́ àlọ́, tí arúgbó ti ń sùn lọ́sàn-án. Yàrá ṣókùnkùn, ó sì kéré, torí pé oorun àti ẹrù nìkan ló wà fún. Ní ààfin, wọ́n á jẹ́ kí agbẹ́gilére fi ọwọ́ kan òpó náà: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ti ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago lónìí, níbi tí kò ti gbé òrùlé kankan mọ́.

Àgbàlá, ilẹ̀ tó ga, òpó, etí òrùlé tó yọ síta, ibi ìjókòó tó ṣí sílẹ̀: ohun kan náà ni ilé méjèèjì fi ṣe ara wọn, láìjẹ́ pé ẹnì kan jí i wò lára ẹnì kejì. Ibi tí Kòríà ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé, wọ́n rántí pé àwọn ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Níbí, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba gba àwòrán wọn láti ibòmíràn, wọ́n sì fi àgbàlá sílẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà.

Kì í ṣe pé kò sí àkọsílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí Òjó tẹ ìwé jáde lórí ààfin Yorùbá ní 1966. Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé ará Poland, fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn káàkiri Nàìjíríà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti bébà. Ó wọn ògiri, ó wọn òpó, ó ya bí wọ́n ṣe so igi òrùlé pọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní apá mẹ́ta ní 1990 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìkejì nínú wọn sì ló kó ilẹ̀ Yorùbá mọ́ra. Ayàwòrán ilé tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe máa ń fẹ̀ tó kò nílò láti méfò.

Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé kì í ṣe ilé gbígbé. Ìwé ní àwọn ọ̀tá tirẹ̀, ilé tó sì kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń bá wọn jà láìsí iná mànàmáná wà ní Haeinsa, ilé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà lórí òkè Gaya ní gúúsù Kòríà. Láàárín 1237 sí 1248, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mongol ń da ilẹ̀ náà láàmú, wọ́n fín gbogbo ìwé mímọ́ ẹ̀sìn wọn sára pátákó, 81,258 pátákó lápapọ̀, kí wọ́n lè máa tẹ ìwé jáde lára wọn. Ilé tí pátákó wọ̀nyí wà títí di òní, láti nǹkan bí ọdún 1488 ló ti wà ní ìdúró. UNESCO fi í sínú àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 1995.

Ẹni tó bá dúró níwájú ilé náà kò ní rí nǹkan ìyanu. Ilé gígùn lásán ni, kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Àfi kó wo fèrèsé rẹ̀ dáadáa. Ìlà méjì ni wọ́n tò wọ́n sí lára ògiri kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kò sì sí ìkankan tí wọ́n dí. Igi tín-ín-rín ni wọ́n tò sí ojú wọn. Lára ògiri iwájú, tó kọjú sí gúúsù, ti ìsàlẹ̀ ló tóbi, ti òkè kéré. Lára ògiri ẹ̀yìn, wọ́n yí i po: ti òkè ló tóbi, ti ìsàlẹ̀ kéré. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹnu ńlá ìsàlẹ̀ wọlé kò ní rí ẹnu ńlá mìíràn ní ọ̀kánkán rẹ̀. Ó di dandan kó gòkè, kó máa rá pálá láàárín àwọn pátákó tó wà lórí pẹpẹ, kó tó rí ọ̀nà jáde lókè lẹ́yìn. Ilẹ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ nínú ilé náà, èédú, iyọ̀, ẹfun àti amọ̀ ló wà nínú rẹ̀: bí ọ̀rinrin bá pọ̀, á fà á mu, bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, á tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba kọ́ ilé ìpamọ́ tuntun oníkọnkéré fún pátákó wọ̀nyí. Wọ́n kó díẹ̀ lọ síbẹ̀ láti fi dán an wò, ọ̀rinrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n jẹ́. Wọ́n kó wọn padà sílé àtijọ́.

Ìbàdàn nílò ẹ̀kọ́ yìí ju Seoul lọ. Ìwé tí kò bá rí atẹ́gùn láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án yóò bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá. Ọyẹ́ á tún dé lóṣù Kejìlá, á gbẹ gbogbo nǹkan, á sì da erùpẹ̀ pupa sórí pẹpẹ. Ikán kò ní àkókò tirẹ̀ ní pàtó. Èsì tí àwọn èèyàn sábà máa ń mú wá ni ẹ̀rọ amúlétutù, èsì yẹn sì máa ń dáa títí tí wọ́n á fi mú iná lọ. Yàrá tí wọ́n dí pa nítorí ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ náà wá dákẹ́, ló burú jù fún ìwé nínú gbogbo yàrá.

Ọgbọ́n yìí kì í sì í ṣe àjèjì pátápátá nílùú yìí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtìyàwó ayàwòrán ilé láti Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ilé ìkàwé tí wọ́n yà, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Kenneth Dike lónìí, gùn gbọọrọ, kò sì fẹ̀ púpọ̀, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba ìkejì jáde. Kọnkéré oníhò ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń wọlé ṣùgbọ́n oòrùn ń kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1956 ni wọ́n tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní ilẹ̀ olóoru tó lọ́rinrin, ìwé náà sì di ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà káàkiri ayé. Aléébù ibẹ̀ kò sí lára afẹ́fẹ́. Ilé ìkàwé yunifásítì ni, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ló wà fún. Ẹni tó wá ra táyà ní Ìwó Road kò sí nínú ìṣirò.

Ti ará ìlú, ìtàn rẹ̀ ń dunni díẹ̀. Ní 1953, UNESCO pe àpérò sí Ìbàdàn lórí bí ilé ìkàwé ará ìlú ṣe máa gbèrú ní Áfíríkà. Àwọn ògbógi wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n jókòó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́ ilé ìkàwé kan tí yóò jẹ́ àwòkọ́ṣe. Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́, ó sì ṣí ní 1959. Enugu ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ìbàdàn gbàlejò àpérò, Enugu gba ilé.

Ẹni tó tíì súnmọ́ ohun tí Cheongun ṣe jù lọ nínú Ìbàdàn ni Demas Nwoko. Ayàwòrán àti agbẹ́gilére ni, ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó da yangí pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì fi kọ́ ilé ìsìn àwọn àlùfáà Dominican nílùú yìí ní àwọn ọdún 1970, ilé tí igi gbígbẹ́ àti irin rírọ ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ògiri, tí kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí i pé ti òyìnbó ni tàbí pé ti àtijọ́ ni. Ní 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Ará Ìbàdàn tó ń gba iwájú iṣẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìmọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn odi Nàìjíríà, nílùú Gando ní Burkina Faso, ayàwòrán ilé Francis Kéré ní kí àwọn obìnrin abúlé kó ìkòkò amọ̀ wá fún ilé ìkàwé tó fẹ́ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n gé ìkòkò náà, wọ́n tò ó sínú àjà oníkọnkéré, ihò rẹ̀ sì di ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde. Ó gba Pritzker, ẹ̀bùn àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022. Ní Dandaji ní orílẹ̀-èdè Niger, mọ́ṣáláṣí alámọ̀ kan fẹ́ wó. Àwọn ayàwòrán ilé Mariam Kamara àti Yasaman Esmaili sọ ọ́ di ilé ìkàwé ní 2018, wọ́n sì kọ́ mọ́ṣáláṣí tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n pe àwọn ọ̀mọ̀lé tó mọ mọ́ṣáláṣí àtijọ́ náà padà wá sẹ́nu iṣẹ́.

Gbogbo ibi wọ̀nyí ló ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Ìwó Road kò ní in. Níbẹ̀ ni títì márosẹ̀ tó ti Èkó bọ̀ ti pàdé ọ̀nà Ìwó àti ọ̀nà Ifẹ̀ tuntun. Agbèrò ń pe Òṣogbo, Ifẹ̀ àti Èkó lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń ta fóònù gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, alágbo jẹ̀díjẹ̀dí ń polówó láti inú mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ilé ìkàwé tó bá ṣí fèrèsé sí ojú títì níbẹ̀ ti kú kó tó ṣí. Ẹ̀wẹ̀, èyí tó bá dí fèrèsé rẹ̀ pa ti padà sọ́wọ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

Àgbàlá ló lè bá wọn yanjú èyí. Hanok ńlá máa ń ní ilé iwájú tí baálé ti ń gba àlejò, ilé inú tí àlejò kì í dé, àti ẹnu ọ̀nà kan tàbí méjì láàárín wọn. Ilé ìkàwé Ìwó Road lè lo àgbàlá méjì ní títẹ̀lé ara wọn. Ògiri tó kọjú sí títì máa nípọn, búlọ́ọ̀kù yangí ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni kí wọ́n kó ilé ìyàgbẹ́, yàrá ìkẹ́rùsí àti ilé bátìrì sólà sí, kí àwọn nǹkan tí kò bìkítà fún ariwo bá àwọn èèyàn gbà á mọ́ra. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹnu ọ̀nà wà.

Ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ tó ṣí sí àgbàlá kìn-ín-ní, níbi tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ sísọ láàyè. Ìwé ìròyìn ni kí wọ́n tò síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ Ìbàdàn ló mọ àwọn tó máa ń yí fẹ́ńdọ̀ ká láràárọ̀, tí wọ́n ń ka àkọlé iwájú ìwé láìná kọ́bọ̀, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ ọ́. Fẹ́ńdọ̀ á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á tán lórí ìdúró o.” Ẹ̀gbọ́n á ní, “Àbúrò, mo kàn ń wo ojú rẹ̀ ni.” Ilé ìkàwé ará ìlú ti wà ní Ìwó Road látọjọ́ yìí, ìjókòó ni kò ní. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, awakọ̀ máíkírà tó ń sinmi, ọmọ tó fẹ́ kún fọ́ọ̀mù JAMB, ẹni tí bátìrì fóònù rẹ̀ ti kú: ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní kọjá ibẹ̀, kò sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni.

Yàrá àwọn ọmọdé máa wà láàárín àgbàlá méjèèjì, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣe é gbé kọ́ sókè bíi ti Kòríà, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe apàlọ́ tàbí òǹkọ̀wé wá, yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ á di ọ̀kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ láti inú pákó tí wọ́n ń tà ní Bódìjà. Àgbàlá kejì ni ti ìdákẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni kí igi wà, kí ti àkọ́kọ́ wà ní gbalasa, kí ọgbọ́n madang lè ṣiṣẹ́: iwájú á gbóná, ẹ̀yìn á tutù, atẹ́gùn á máa gba àárín ìwé kọjá. Fèrèsé ibi tí wọ́n to ìwé sí máa tẹ̀lé ti Haeinsa, ńlá nísàlẹ̀ lápá kan, ńlá lókè lápá kejì, pẹ̀lú àwọ̀n tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀fọn àti erùpẹ̀ bá atẹ́gùn wọlé.

Òrùlé nìkan ló kù tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Páànù ni wọ́n máa lò, kò sí àní-àní, torí owó. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ páànù nígbà tí òjò oṣù Keje ń rọ̀ mọ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ìwé kíkà nínú ariwo yẹn. Lábẹ́ awo òrùlé hanok, wọ́n máa ń to igi, wọ́n á sì da amọ̀ lé e lórí nípọn. Amọ̀ yẹn ló ń gba ooru àti ariwo dúró. Ilé Yorùbá àtijọ́ náà ní àjà tirẹ̀: igi títò tí wọ́n rẹ́ amọ̀ lé lórí, kí iná má bàa ti orí koríko wọ yàrá. Bí wọ́n bá dá àjà alámọ̀ yẹn padà sábẹ́ páànù, tí wọ́n sì fi àlàfo sáàárín kí ooru lè jáde, wọn kò ní gbọ́ òjò ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ tó ń já sínú àgbàlá á tún máa fi ohùn tirẹ̀ bo hóọ̀nù mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà nínú Cheongun tí wọn kò gbọ́dọ̀ dà kọ níbí láé, ìyẹn ni kíkó ìwé sísàlẹ̀ ilẹ̀. Odò Ògùnpa gbé èèyàn lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún yalé, ó sì pa ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Ìpìlẹ̀ tó ga ni ti ìlú yìí. Kí ó ga débi tí ikán náà máa rí i pé ìrìn àjò ni.

Ilé náà kò sì gbọ́dọ̀ tóbi. Olú ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè yìí ní Àbújá, ọdún 2006 ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe. Ó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó fi wà nílẹ̀ láìparí. Cheongun kéré, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, àwáwí pé owó wà lọ́wọ́ gómìnà ti ń ṣòro láti sọ.

Iṣẹ́ kan tí ilé ìbílẹ̀ máa ń béèrè, tí àwọn tó ń yàwòrán ilé kì í fẹ́ gbọ́, ni àtúnṣe. Kòríà kò kàn tọ́jú ilé, wọ́n tọ́jú àwọn tó ń kọ́ ọ: iṣẹ́ ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà wọn, daemokjang, ti wà lára ohun àjogúnbá tí UNESCO mọ̀ sí láti 2010. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọdún Bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Koríko bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ìlú àti abúlé máa ń rù wá fún Aláàfin, òun ni wọ́n sì fi máa ń tún òrùlé ààfin bò nígbà náà. Àtúnṣe wà nínú kàlẹ́ńdà ìlú, ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní àwọn tó ń ṣe é, wọ́n sì ń fi ijó àti ìlù ṣe é. Ilé ìkàwé Ìwó Road máa ní ojú àgbàrá tí ewé á máa dí, àwọ̀n fèrèsé tí erùpẹ̀ ọyẹ́ á máa bò, àjà amọ̀ tí á máa sán, ìkọ́ ilẹ̀kùn tí á máa fẹ́ òróró. Owó oṣù ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ wọ̀nyẹn yẹ kó wà nínú ìwé ètò ìnáwó kí káńsù tó buwọ́ lù ú, lójú ìwé kan náà pẹ̀lú owó sìmẹ́ńtì.